Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Bàbá Rélùwéè

Tí ẹ bá gbọ́ pé ènìyàn wà nílẹ̀ òkèèrè, ohun tó máa ń wá sí yín lọ́kàn ni yìnyín àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé olùkọ́ gba Kánádà lọ. Èmi gba Kánò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun ń gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, èmi náà ń gbé láàárín wọn. Òtútù ń pa á, ọyẹ́ ń pa èmi náà, ètè mi là títí n kò fi lè rẹ́rìn-ín tán. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tí òun bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé, gbogbo àdúgbò á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí èmi bá fi tèmi ránṣẹ́, ìyá mi á ní, "Ṣé kò sí omi níbẹ̀ ni? O funfun bí ẹni tó ń lọ ẹ̀lùbọ́."

Ìkirè ni mo ti lọ. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo sì ti dúró de iṣẹ́ ìjọba títí ìdúró náà fi di iṣẹ́. Ìyá mi ní tí n kò bá rí nǹkan ṣe, kí n wá jókòó ti agbada òun, ká jọ máa din dòdò. Mi ò kórìíra dòdò. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń ya nǹkan sẹ́yìn ìwé, tí wọ́n sì ń nà mí sí i, mo sì wá gbọ́ pé ayé ti dé ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn síṣẹ́ nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ti ń ta èlò ọbẹ̀ ní Sabon Gari kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ni wọ́n ní kí n máa bọ̀, pé àwọn mọ ẹnì kan tó ní ilé ìtẹ̀wé.

Wọ́n ti sọ fún mi kí n tó dé pé kí n fọkàn balẹ̀, pé Yorùbá pọ̀ ní Sabon Gari. Wọn ò parọ́. Ohun tí wọn ò sọ ni pé àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ ju èdè Yorùbá lọ. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo kí àwọn ọmọ Àǹtí, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn méjèèjì ti tó ọkọ, wọ́n ti tó ìyàwó.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Lafiya lau, Sister. Ya gajiya?"

Mo wo Àǹtí.

"Wọ́n ń gbọ́ ọ o," ni Àǹtí wí, wọ́n ń da kókó sínú abọ́. "Kò kàn sí lẹ́nu wọn ni. Tó o bá bú wọn báyìí, wàá mọ̀ pé wọ́n gbọ́."

Mo bú wọn. Wọ́n gbọ́.

Àárẹ̀ ni wọ́n ń kí mi kú o. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé Háúsá a máa kí ènìyàn kú àárẹ̀, wọ́n á kí i kú iṣẹ́, wọ́n á béèrè àwọn ará ilé, wọ́n á tún padà sórí àárẹ̀. Èmi tí mo rò pé àwa Yorùbá la ni ìkíni láyé! Ó dùn mí díẹ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìdánìkanwà ni pé kì í ṣe àìsí ènìyàn. Ènìyàn kún ilé Àǹtí bámúbámú, àwọn ayálégbé ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé, Íbò, Ígálà, Háúsá, gbogbo wọn. Ohun tó ń ṣe mí ni pé n kò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Nílé, ẹnu mi mú. Tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ìsọ̀ ìyá mi, àwọn oníbàárà á gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà. Ní Kánò, kí n tó wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi fèsì, ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ti délé, ó ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́kún, mi ò ní parọ́.

Ilé ìtẹ̀wé Ògá Rafiu kò ju yàrá méjì lọ. Kọ̀ǹpútà wà níwájú, ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ bánà wà lẹ́yìn, ó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń mú lọ sọ́jà. Ọ̀fà ni bàbá Ògá ti wá, Kánò ni wọ́n bí Ògá fúnra wọn sí. Lárúbáwá ni wọ́n fi ń gbàdúrà, Háúsá ni wọ́n fi ń dúnàádúrà, Yorùbá ni wọ́n fi ń bínú. Nítorí náà, Yorùbá ni wọ́n máa ń bá mi sọ.

"Nítorí Àǹtí ẹ ni mo ṣe gbà ẹ́," ni wọ́n wí fún mi lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní àga tí mo fẹ́ fi tọ́jú ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Tí ọyẹ́ bá ti lọ tán, mo máa fún ẹ ní iṣẹ́ kan, ìwọ nìkan. Tí oníbàárà bá gbà á, àga yẹn ti di tìẹ. Tó bá dá a padà, wallahi, Ìkirè yá. Kin gane?"

Mo ní ó yé mi. Ìkirè ni ó yé mi jù níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà, eku ni òyìnbó pè é, ó sì ń sá bí eku lóòótọ́. Mo fẹ́ kó lọ sókè, ó gba ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ fa ìlà tó gún, ó fa odò Ọ̀ṣun. Bashiru, ọkùnrin Háúsá tó ń darí ẹ̀rọ ńlá lẹ́yìn, á na ọrùn wò mí láti ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ rọra, Sister, kò ní bù yín jẹ." Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ Àǹtí lọ. Ó ní ẹnu àwọn oníbàárà lòun ti kọ́ ọ. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé bó ṣe tù mí nínú, kó tún bí mi nínú lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi dánra wò, káàdì ìgbéyàwó ni, ti ẹbí Háúsá kan. Mo kọ orúkọ ìyàwó ní irú lẹ́tà kan, ti ọkọ ní òmíràn, ọjọ́ ní òmíràn. Mo fi òjìji sẹ́yìn gbogbo wọn, mo fi ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn òjìji. Mo wá gbé ojú ìyàwó, mo fi kún ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ògá wò ó títí.

"Kí lèyí?"

"Káàdì ìgbéyàwó ni, sà."

"Haba! Mo rò pé ilé ló ń jóná." Wọ́n yọ ìgò ojú wọn. "Orúkọ bàbá ọmọ dà? Bàbá ló ń pe ènìyàn síbi ìgbéyàwó, kì í ṣe ọmọ. Ta ló sì sọ fún ẹ pé ẹbí yìí ń gbé ojú ìyàwó kiri gbogbo ìlú?"

Mo pa á rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn oníbàárà. Pásítọ̀ kan wá ṣe pósítà ìsọjí. Ó ní kí n fi iná sẹ́yìn òun, mo fi í. Ó ní kò jó tó. Ó ní kí n fi àdàbà sí i, mo fi àdàbà sí i, a sì gbọ́dọ̀ gbé àdàbà kúrò nínú iná kí ó má baà di sùyà. Nígbà tó yá, ó rántí ìyàwó rẹ̀, kò sì sí àyè mọ́ àfi etí iná. Alhaji kan fẹ́ bánà tó máa fi kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú oríire oyè tuntun. Ó ní kí fọ́tò òun tóbi, kí ti ọ̀rẹ́ náà kéré. Mo bi í léèrè pé ta ló jẹ oyè. Ó ní, "Shi ne, amma ni nake biya." Bashiru túmọ̀ ẹ̀ fún mi pé ọ̀rẹ́ yẹn ló jẹ oyè, ṣùgbọ́n Alhaji ló ń sanwó bánà. Mi ò tíì rí olùkọ́ tó ṣàlàyé ayé fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní ìṣẹ́gun tèmi náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gé orí ènìyàn kúrò lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ nínú fọ́tò láìgé etí mọ́ ọn, mo dìde lórí àga, mo jó. Bashiru ní, "Kai, ya yi kyau! Ó dára gan-an!" Mo ra kúlíkúlí fún gbogbo ilé iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní Kánádà fi fọ́tò ilé tuntun ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi fi etí ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí ránṣẹ́ sí i.

Ìyá mi a máa pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

"Àwọn kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Ṣé o ti ń tún wọn ṣe?"

"Kì í ṣe àtúnṣe ni mò ń kọ́, Màámi. Àwòrán ni."

"Àwòrán tí mo máa ń nà ọ́ sí?"

"Òun náà ni, mà."

Mo ń gbọ́ tí epo ń hó lẹ́yìn wọn. "Mo ti sọ fún wọn níbí pé dókítà kọ̀ǹpútà ni ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ìpè wa ń parí sí. Mo máa ń ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa.

Ní Ìkirè, kò sẹ́ni tó pè mí ní Yorùbá rí, nítorí kí ni à bá ti máa pe ara wa? Ọmọ ilé báyìí ni mí, ọmọ Ìyá Olódòdò. Ìgbà tí mo dé Kánò ni wọ́n ń pè mí ní Bayarabiya, ìyẹn obìnrin Yorùbá, mo sì wo ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kíní láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ó wá jọ pé mo ní láti kúrò nílé kí n tó di ohun tí wọ́n bí mi. Àwọn ọmọ Àǹtí ní tiwọn, tí wọ́n bá lọ sí Ìbàdàn, Háúsá ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n á bínú, wọ́n á sì fi Háúsá bínú. A jọ ń gbé ilé kan náà ni, olúkúlùkù pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń lé e padà.

Ọyẹ́ lọ, oòrùn dé. Iṣẹ́ mi dé pẹ̀lú.

Ní Railway Quarters, bàbá àgbà kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Rélùwéè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fẹ̀yìn tì tipẹ́, wọ́n sì kú ikú àgbà. Kánò ni wọn yóò sin wọ́n sí, nítorí nínú àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ ilé bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin, Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bompai, ló wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Bọ́lá. Wọ́n fẹ́ pósítà tí wọ́n máa lẹ̀ káàkiri, àti bánà ńlá kan fún ẹnu ọ̀nà ilé. Ṣẹ́gun ní, "Make e fine o. Daddy na big man."

Ògá gbé fọ́tò náà fún mi. "To. Èyí ni tìẹ. Iṣẹ́ òkú ló rọrùn jù. Òkú kì í dá iṣẹ́ padà."

Fọ́tò tó dára ni. Bàbá wọ agbádá, wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè láti ìta, ìlà ìbàámú kan ṣoṣo sì gba orí imú wọn sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ sápá òsì pósítà, ọ̀tún nìkan ló kù fún bàbá. Mo gbé wọn síbẹ̀, ni mo bá rí i pé ojú wọn ń wo ìta ìwé, wọ́n kẹ̀yìn sí orúkọ ara wọn. Mo sì ti wo fídíò òyìnbó kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ funfun jù. Ó ní èèwọ̀ ni, pé ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ máa wo inú ìwé. Kí ni mo wá ṣe? Mo tẹ ibì kan, bàbá yí padà wàì, bí ẹni tó wà nínú dígí. Wọ́n wá ń wo orúkọ wọn tìfẹ́tìfẹ́. Mo tiẹ̀ mú ìlà ojú wọn hàn dáadáa sí i, kí ó má baà parẹ́ nínú títẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ṣẹ́gun. Gbogbo ọmọ bàbá wò ó. Ṣẹ́gun ní, "Correct! Print am." Bọ́lá ní, "Ya yi kyau sosai. See Daddy, as if he wan talk." Ògá mi orí. Mo pe ìyá mi kí yíǹkì tó gbẹ, mo ní kí wọ́n sọ fún gbogbo Ìkirè pé mo ti di ọmọ ilé iṣẹ́. Ṣẹ́gun kó pósítà lọ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri Sabon Gari títí dé Airport Road.

Bánà ni èmi àti Bashiru gbé lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Àwọn ènìyàn wà lórí àga lábẹ́ igi dongoyaro. Màmá, ìyàwó olóògbé, jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. A so bánà náà mọ́ ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn ní ó dára. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń retí kí ẹnì kan béèrè ta ló ṣe é.

Màmá gbójú sókè. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta nìyí?"

"Mama, na Daddy be that now," ni Ṣẹ́gun wí.

"Bàbá yín kọ́ nìyí. Ó jọ àbúrò bàbá yín tí wọn ò bí." Wọ́n na ọwọ́ sókè. "Ìlà bàbá yín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló wà. Ti ọkùnrin yìí wà lọ́tùn-ún."

Mo sún síwájú. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀.

"Dama ne," ni Bọ́lá wí. "On the right. I remember am well."

"A'a, hagu ne, abi?" ni Ṣẹ́gun wí. "Wait first. When he dey face me..."

Mo ti mọ ọ̀tún àti òsì ní Háúsá nígbà yẹn, nítorí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi kiri. Dama, hagu, dama, hagu: wọ́n ń jiyàn níwájú òkú bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Bọ́lá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó tún fi kan èkejì, ó ń gbìyànjú láti rántí. Àbúrò wọn kan tó ti Àbújá dé ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹyọ kan ni ìlà náà, òun rò pé méjì ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa jáde," ni Màmá wí.

Wọ́n gbé e jáde láti pálọ̀, níbi tó ti wà lójú gbogbo wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá. Òsì ni.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni mo yí wọn padà, mà. Ẹ má bínú."

"Èéṣe?"

"Kí ojú wọn lè wo inú ìwé ni, mà."

"Ta ló ní kí wọ́n wo inú ìwé?"

"Fídíò kan ni, mà."

"Ṣé onífídíò náà mọ̀ wọ́n?"

"Rárá, mà."

"Mama, leave am," ni Ṣẹ́gun wí. Òógùn ti bò ó. "Burial na Saturday. Who go notice?"

"Èmi ńkọ́?" Màmá ò pariwo. "Apá òsì rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlà yẹn ni mo máa ń wò tí ìwàásù bá gùn jù. Ẹ tú nǹkan yìí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

A tú u. Ṣẹ́gun wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pa bàbá rẹ̀, ó ní, "We go see your oga."

Ògá gbọ́ ọ tán, wọn ò bínú ní Yorùbá, wọn ò bínú ní Háúsá. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. "Tún un ṣe. Lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá sin bàbá tán, di ẹrù ẹ."

Mo dá ojú bàbá padà síbi tí Ọlọ́run àti olóòlà fi ìlà rẹ̀ sí. Wọ́n tún ń wo ìta ìwé, wọ́n kẹ̀yìn sí orúkọ, sí ọjọ́ orí, sí gbogbo òfin ẹléyín funfun. Èmi àti Bashiru wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú oòrùn pẹ̀lú korobá gọ́ọ̀mù, à ń lẹ tuntun bo ti àtijọ́. Gbogbo Sabon Gari ti ń sọ fún ọkùnrin tí kò wá sáyé rí pé sùn-un-re o. Níwájú fọkanáísà kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ọ̀kan tán, èkejì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá méjì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó káàánú, ó ní, "Tagwaye ne?"

Bashiru túmọ̀ rẹ̀ fún mi láìrẹ́rìn-ín: "Ó ní ṣé ìbejì ni wọ́n."

Mo jókòó sórí táyà rẹ̀, mo sunkún. Mo sunkún nítorí Ìkirè àti agbada tó ń dúró dè mí, àti nítorí ìyá mi tó ti sọ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni ọwọ́ Bọ́lá lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó ń wá bàbá rẹ̀ kiri níbẹ̀. Mo gbìyànjú láti rántí ojú ìyá mi, ẹ̀gbẹ́ tí àpá epo gbígbóná wà. Mo mọ̀ pé ó wà. Mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ wo.

Wọ́n sin bàbá. Mo di ẹrù mi. Mo padà sílé ìtẹ̀wé láti dágbére, ni mo bá rí Màmá tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà nínú aṣọ dúdú, Bọ́lá dì wọ́n lápá mú.

"Ọmọ tó yí ọkọ mi padà dà?"

Ògá ti dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, don Allah, ẹ má bínú mọ́. Mo ti lé e. Ó ń lọ sílé."

"Ta ló rán yín? Mo fẹ́ kó ṣe tèmi."

"Tiyín bíi ti kí ni, mà?"

"Pósítà mi."

Mo kúnlẹ̀ láìmọ̀. "Ikú ò ní pa yín, mà."

"Ikú ò béèrè ọ̀nà ilé wa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ kúrò ni. Dìde. Ṣí nǹkan tó o máa ń ṣí." Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n tú etí gèlè, wọ́n mú fọ́tò kan jáde. "Àwọn ọmọ mi dáa o, mi ò sọ pé wọn ò dáa. Ìsìnkú tí wọ́n ṣe, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wà níbẹ̀. O rí i bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ojú bàbá wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí tèmi."

"Mama, haba," ni Bọ́lá wí.

Mo ṣiṣẹ́, wọ́n ń wò mí. Tí mo bá gbé ọwọ́ sún mọ́ àwọn ìlà ogbó ojú wọn, wọ́n á ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ fún un." Nígbà tí mo béèrè orúkọ, wọ́n sọ orúkọ ọkọ wọn, wọ́n sọ ti ìtẹ̀bọmi.

"Kọ Àyọ̀ká síwájú gbogbo rẹ̀."

Bọ́lá tẹ̀ síwájú. "Mama, who be Àyọ̀ká?"

"Èmi ni," ni Màmá wí. "Bàbá yín nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Bọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀. Ó wá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, Àyọ̀ká, Àyọ̀ká, bí ọmọ tó ń kọ́ èdè. Bashiru ti pa ẹ̀rọ ẹ̀yìn. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ ńkọ́, mà?" ni mo béèrè.

"Fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tìẹ."

Wọ́n wo ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, wọ́n fi kan èkejì. "Èmi nìyí," ni wọ́n wí. "Mo gbà á."

Ògá wo báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì, wọ́n ní kí n jókòó dáadáa, oníbàárà míì ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá mi pè. Mo ní kí wọ́n tan fídíò, kí n wo ojú wọn. Wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àpá náà wà, lábẹ́ ojú, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

"N kò tíì lè sọ, Màámi. Iṣẹ́ màmá kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò tíì parí. Ọjọ́ tí a ó kọ sí i nìkan ló kù."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó o tètè parí ẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, n kò ṣe àmín sí àdúrà ìyá mi.